Bí a ṣe ń tọpasẹ̀ àwọn tí ilẹ̀ mánọ̀ kékeré kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti gba ọwọ́ wọn kọjá

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan, tí ó ń ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ní Oxfordshire ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ̀wé sí mi pé abúlé kékeré kan wà lójú ọ̀nà tí òun ń gbà lọ síbi iṣẹ́, Cuxham ni orúkọ rẹ̀, àwọn ènìyàn sì ń sọ pé kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Oxford ti di ilẹ̀ ibẹ̀ mú fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Ó ní, “Bàbá, ẹ̀yin tí ẹ máa ń jókòó ti àwọn Mágàjí láti gbọ́ ìtàn ilẹ̀, báwo ni ènìyàn ṣe lè mọ̀ bóyá òótọ́ ni?” Èsì tí mo fún un gùn, mo sì tún un kọ síhìn-ín fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ ṣe irú ìwádìí bẹ́ẹ̀, ìbáà jókòó sí Ìlọrin, sí Ọ̀fà tàbí sí Òmù-Àrán. Kò dìgbà tí ènìyàn bá wọ bàálù. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà ṣeé fi fóònù àti dátà ṣe, bí ènìyàn bá ti ní sùúrù.

Ohun tí wọ́n ń pè ní mánọ̀ kì í ṣe ilé ńlá bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò, kì í sì í ṣe abúlé gan-an. Ó jẹ́ ilẹ̀ pẹ̀lú àwọn ẹ̀tọ́ tí ó rọ̀ mọ́ ọn: oko tí olúwa ilẹ̀ ń dá fún ara rẹ̀, oko àwọn àgbẹ̀ tí ń san owó fún un tàbí tí ń bá a ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ tí a dá, igbó àti pápá ìjẹko, ọlọ ọkà nígbà mìíràn, àti kóòtù tí olúwa ilẹ̀ ti ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn ará ibẹ̀. Nítorí náà ni mánọ̀ méjì tàbí mẹ́ta fi lè wà nínú abúlé kan ṣoṣo, tí mánọ̀ kan sì lè ní ilẹ̀ ní abúlé méjì. Ẹ yanjú èyí kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, nítorí ẹni tí kò bá yanjú rẹ̀ yóò kàn máa kó ìtàn agboolé kan mọ́ ti agboolé kejì, yóò sì máa yà á lẹ́nu pé ilẹ̀ kan náà ní olúwa méjì ní ọdún kan náà. Ẹ mọ orúkọ ẹkùn tí abúlé náà wà, ẹ mọ ìjọ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ (àgbègbè tí ṣọ́ọ̀ṣì kan ń bójú tó, tí wọ́n ń pè ní “parish”), kí ẹ sì kọ gbogbo ọ̀nà tí a ti gbà kọ orúkọ rẹ̀ rí sílẹ̀, nítorí pé Cuxham tí a mọ̀ lónìí, Cuchesham ni àwọn akọ̀wé ọba kọ ọ́ ní 1086.

Ìbéèrè tí ó máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lẹ́nu ni “Ta ni ó ni ilẹ̀ yìí?” Ẹ fi í sílẹ̀. Láti ìgbà tí William ti Normandy ti ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1066, ọba nìkan ni òfin wọn gbà pé ó ni ilẹ̀. Olúkúlùkù yòókù ń dì í mú láti ọwọ́ ẹnì kan ni. Ìbéèrè tí ó bá àkọsílẹ̀ mu ni “Ta ni ó dì í mú, lọ́wọ́ ta ni ó ti gbà á, kí ni ó sì ń ṣe fún un nítorí rẹ̀?” Ó dá mi lójú pé níhìn-ín ni ará Ìlọrin ti ní ohun tí ọ̀pọ̀ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì òde òní kò ní, nítorí ìwé ilẹ̀ tí ó ní orúkọ ẹnì kan ṣoṣo nínú ni wọ́n bá láyé. Kí ọmọ ogun Royal Niger Company tó wọ Ìlọrin ní 1897, abúlé kan lẹ́yìn odi lè ní àgbẹ̀ tí ó ń dáko níbẹ̀, ìdílé tí ó fún un ní oko, baálẹ̀ tí ìṣákọ́lẹ̀ ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá, ajẹ́lẹ̀ tí a rán wá láti ìlú, Balógun tàbí ìjòyè mìíràn tí ajẹ́lẹ̀ náà ń jẹ́ iṣẹ́ fún, àti Ẹ́míà lókè gbogbo wọn. Bí a bá bi àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà léèrè pé ti ta ni ilẹ̀ náà, olúkúlùkù lè dáhùn pé “Tèmi ni”, kò sì ní sí ẹni tí ó purọ́ nínú wọn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni mánọ̀ ṣe rí. Ọba wà lókè, olúwa ńlá tí ó gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ọba tẹ̀ lé e, ẹnì kan tàbí méjì lè wà láàárín, kí ó tó kan olúwa mánọ̀ fúnra rẹ̀, àwọn àgbẹ̀ sì wà nísàlẹ̀. Àtẹ̀gùn náà ń gùn sí i ni títí di 1290, nígbà tí Ọba Edward Kìíní ṣe òfin pé ẹni tí ó bá ra ilẹ̀ yóò bọ́ sí ipò ẹni tí ó tà á fún un, kò ní di ọmọ abẹ́ rẹ̀ mọ́. Nítorí èyí, ìwé méjì ni kí ẹ máa lò láti ìbẹ̀rẹ̀: ọ̀kan fún ẹni tí ó di mánọ̀ mú, ọ̀kan fún ẹni tí ó wà lókè rẹ̀. Bí ẹ bá pa méjèèjì pọ̀ sójú ìwé kan, ìtàn yín ti dàrú.

Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti inú ìwé awọ àtijọ́ tí a fi Látìnì kọ. Iṣẹ́ ńlá kan wà tí a ń pè ní Victoria County History, tí àwọn onítàn bẹ̀rẹ̀ ní 1899, tí wọn kò sì tíì parí títí di òní, nínú èyí tí wọ́n ti ń kọ ìtàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ìjọ kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n sì máa ń ya abala kan sọ́tọ̀ fún bí mánọ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe ń ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́. Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ìkànnì British History Online. Ẹ ka abala náà bí ẹni ń gbọ́ ìtàn lẹ́nu àgbà tí ó mọ̀ràn: ẹ bọ̀wọ̀ fún un, ṣùgbọ́n ẹ wo ìdí rẹ̀. Ohun tí ó níye lórí jù níbẹ̀ ni àwọn àlàyé wínníwínní tí ó wà nísàlẹ̀ ojú ìwé, nítorí àwọn ni wọ́n ń sọ àkọsílẹ̀ tí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ti jáde. Bí iṣẹ́ náà kò bá tíì dé ìjọ tí ẹ ń wá, ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ óò ṣe é láti ìpìlẹ̀.

Ìpìlẹ̀ náà, fún èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn mánọ̀, ni Domesday Book. Ní Kérésìmesì 1085 ni William pàṣẹ pé kí a ka gbogbo ilẹ̀ náà, iṣẹ́ náà sì wáyé ní 1086. Ó sọ ẹni tí ó di ilẹ̀ mú nígbà ayé Ọba Edward tí wọ́n ń pè ní Confessor, èyíinì ni kí ogun 1066 tó dé, ẹni tí ó dì í mú nísinsìnyí, iye ìtúlẹ̀ tí màlúù ń fà níbẹ̀, iye àwọn àgbẹ̀ àti ẹrú, ọlọ àti pápá, àti iye owó tí ilẹ̀ náà tó. Ìkànnì Open Domesday fi ojú ewé náà gan-an hàn lọ́fẹ̀ẹ́. Ibẹ̀ ni a ti rí i pé Cuxham wà lára ilẹ̀ Miles Crispin, olúwa ńlá tí ìjókòó rẹ̀ wà ní Wallingford. Ẹ ṣọ́ra fún òṣùwọ̀n tí wọ́n ń pè ní “hide”: àwọn kan a máa kà á sí 120 éékà, ṣùgbọ́n owó orí ni wọ́n fi ń ṣírò, a kò fi okùn wọ̀n ọ́n. Bí ilẹ̀ tí ẹ ń wá bá wà ní Durham tàbí Northumberland, ẹ má ṣe dààmú ara yín, wọn kò ka ibẹ̀ nínú ìwé náà.

Láti ibẹ̀ lọ, ikú ni akọ̀wé wa. Mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nítorí pé, láti ìgbà Ọba Henry Kẹta ní ọ̀rúndún kẹtàlá títí di ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, bí ẹni tí ó di ilẹ̀ mú láti ọwọ́ ọba fúnra rẹ̀ bá kú, òṣìṣẹ́ ọba kan yóò gba ìwé àṣẹ, yóò pe àwọn ọkùnrin àdúgbò jọ, yóò búra fún wọn, yóò sì bi wọ́n léèrè: ilẹ̀ wo ni olóògbé ní? Lọ́wọ́ ta ni ó ti gbà á? Iṣẹ́ wo ni ó ń ṣe nítorí rẹ̀? Èló ni ó ń mú wọlé lọ́dún? Ọjọ́ wo ni ó kú? Ta ni àrólé rẹ̀, ọmọ ọdún mélòó sì ni? A kọ ìdáhùn wọn sórí awọ, èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì wà ní National Archives ní Kew, nínú àwọn àpò tí nọ́ńbà wọn bẹ̀rẹ̀ láti C 132 fún ìgbà Henry Kẹta dé C 142 fún ìgbà Henry Keje àti àwọn tí ó tẹ̀ lé e. A ti ṣe àkópọ̀ púpọ̀ nínú wọn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ẹ sì lè rí àwọn ìdìpọ̀ tí ó ti pẹ́ kà lórí ìkànnì Internet Archive láìsan kọ́bọ̀. Kò sí àkọsílẹ̀ tí ó wúlò fún iṣẹ́ yìí tó o. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gba gbogbo rẹ̀ gbọ́: iye owó tí wọ́n máa ń pe ilẹ̀ sábà máa ń kéré ju bí ó ṣe jẹ́ lọ, nítorí kò sí ará àdúgbò tí ó fẹ́ fi ohun ìní aládùúgbò rẹ̀ han ọba tán. Bí wọ́n bá sì sọ pé àrólé jẹ́ “ọmọ ọdún 21 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ”, ó lè ti pé ogójì. Bí àrólé bá jẹ́ ọmọdé tẹ́lẹ̀, tí ó wá fẹ́ fi hàn pé òun ti dàgbà tó láti gba ilẹ̀ òun, àwọn àgbà yóò tún wá búra pé àwọn rántí ọjọ́ ìbí rẹ̀, nítorí ọjọ́ náà ni ọmọ tiwọn kú tàbí tí àwọn ṣubú lórí ẹṣin. Ẹni tí ìyá rẹ̀ bá ti sọ fún un rí pé ọdún tí rélùwéè wọ Ọ̀fà ni a bí bàbá rẹ̀ àgbà kò ní rí ohun àjèjì nínú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀.

Ibi tí ará Ìlọrin ti lè ṣìnà ni ọ̀rọ̀ ogún, nítorí pé èyí tí a mọ̀ nílé yàtọ̀ pátápátá. Ní ọ̀dọ̀ wa, yálà a fi òfin Ìsìláàmù pín in, tí gbogbo ọmọ yóò ní ìpín tiwọn, tí ọmọbìnrin yóò sì gba ìdajì ohun tí arákùnrin rẹ̀ gbà, tàbí a pín in ní ìdí-igi tàbí orí-ò-jorí bí ti àwọn Ìgbómìnà, kò sí bí ọmọ kan ṣoṣo yóò ṣe kó gbogbo rẹ̀ lọ kí ilé má dàrú. Ní ọ̀pọ̀ mánọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àkọ́bí ọkùnrin ni ó ń kó gbogbo rẹ̀. Bí kò bá sí ọmọkùnrin rárá, àwọn ọmọbìnrin yóò pín in lọ́gbọọgba, àkọ́bí wọn kò sì ní ju àbígbẹ̀yìn lọ; níbẹ̀ ni “ìdajì mánọ̀” àti “ìdá mẹ́ta mánọ̀” ti ń wọ inú ìwé, tí orúkọ ìdílé yóò sì yí padà lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí àwọn ọkọ ni wọn yóò máa dárúkọ. Nítorí náà, nígbà tí orúkọ tuntun bá yọ lójijì, ẹ má ṣe sáré kọ ọ́ pé a ti ta ilẹ̀ náà. Ẹ kọ́kọ́ wá ìyàwó. Bákan náà ni opó ní ẹ̀tọ́ sí ìdá kan nínú mẹ́ta ilẹ̀ ọkọ rẹ̀ títí yóò fi kú, èyí tí ó pọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́jọ tí opó tí ọkọ rẹ̀ fi ọmọ sílẹ̀ ń gbà lábẹ́ òfin Ìsìláàmù, bí ó bá sì fẹ́ ọkọ mìíràn, ọkọ tuntun náà yóò máa jẹ́ olúwa níbẹ̀ fún ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún láìjẹ́ pé ilẹ̀ náà di tirẹ̀. Bí àrólé bá jẹ́ ọmọdé, ọba tàbí olúwa òkè yóò gba ilẹ̀ náà sọ́wọ́, ó sì lè ta ẹ̀tọ́ ìtọ́jú rẹ̀ fún ẹni tí ó bá san owó jù. Alágbàtọ́ bẹ́ẹ̀ yóò máa fi orúkọ ara rẹ̀ hàn nínú ìwé gbogbo. Kent nìkan ni ó ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ gedegbe, nítorí àṣà ibẹ̀ ni kí àwọn ọmọkùnrin pín ilẹ̀ dọ́gba.

Ní ti ọjọ́ orí ìwé, ẹni tí ó bá ti yí ọjọ́ Híjírà padà rí láti inú ìwé Lárúbáwá àwọn àfáà Ìlọrin kò ní rí i bí ìṣòro ńlá. Ọdún orí oyè ọba ni wọ́n ń kà: ọdún kìíní Edward Kìíní bẹ̀rẹ̀ ní 20 Oṣù Kọkànlá 1272, nítorí náà Oṣù Kínní ọdún kìíní rẹ̀ bọ́ sí 1273. Lẹ́yìn èyí, ọdún tuntun wọn kì í bẹ̀rẹ̀ ní Oṣù Kínní bí kò ṣe ní 25 Oṣù Kẹta, títí di 1752. Ìwé tí a kọ “Oṣù Kejì 1640” sí lára jẹ́ ti 1641 ní òǹkà tiwa. Ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀.

Bí a bá ta ilẹ̀ nígbà tí olúwa rẹ̀ wà láàyè, ẹ wá a nínú àwọn ìwé tí wọ́n ń pè ní “fines”. Ẹjọ́ ni wọ́n pè é, ṣùgbọ́n kò sí ìjà nínú rẹ̀: ẹni tí ó fẹ́ ra yóò pe ẹni tí ó fẹ́ tà lẹ́jọ́ sí kóòtù ọba, wọn yóò sì “parí ìjà” náà níwájú adájọ́, kí àdéhùn wọn lè ní àṣẹ ọba lẹ́yìn. Láti 1195 ni a ti ń kọ irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ nígbà mẹ́ta sórí awọ kan, tí a sì ń gé e ní wọ́gọwọ̀gọ, kí ó lè jẹ́ pé bí ẹnì kan bá ṣe ayédèrú, kò ní bá yòókù mu. Ẹni méjèèjì mú tiwọn lọ, kóòtù sì pa ẹsẹ̀ ìwé náà mọ́. Wọn kò jáwọ́ nínú rẹ̀ títí di 1833. Ọgbọ́n náà wù mí, mo sì máa ń ronú bí ẹjọ́ ilẹ̀ yóò ti dín kù tó láàárín wa ká ní àwọn bàbá wa ní ẹsẹ̀ ìwé bẹ́ẹ̀ níbì kan. Láti nǹkan bí ọ̀rúndún kẹrìnlá, ẹ óò tún máa rí i pé ènìyàn mẹ́fà tàbí mẹ́jọ, tí àlùfáà wà láàárín wọn, jọ gba mánọ̀ kan lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀rẹ́ tí olúwa ilẹ̀ fi ilẹ̀ rẹ̀ sí lọ́wọ́ ni ọ̀pọ̀ wọn, kí ilẹ̀ náà má bàa bọ́ sí ọwọ́ ọba nígbà tí òun bá kú, kí òun sì lè pín in bí ó ti wù ú. Òfin 1536 dí ọ̀nà yìí.

Gbogbo ohun tí mo ti sọ nípa ikú kò wúlò níbi tí olúwa ilẹ̀ kì í kú, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ Cuxham wà. Walter de Merton, tí ó dá Merton College sílẹ̀ ní 1264, ni ó gba mánọ̀ náà fún kọ́lẹ́ẹ̀jì rẹ̀ kí ó tó kú ní 1277. Láti ìgbà náà kò sí àrólé, kò sí opó, kò sí ọmọdé tí a ń tọ́jú ilẹ̀ fún. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń sọ pé ó wà lọ́wọ́ òkú, nítorí kò lè bọ́ mọ́, owó tí ọba ń rí nígbà tí olúwa bá kú sì gbẹ. Ní 1279 ni Edward Kìíní ṣe òfin láti dá a dúró, lẹ́yìn náà a bẹ̀rẹ̀ sí gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ọba, ẹ sì lè rí irú ìwé àṣẹ bẹ́ẹ̀ nínú àwọn àkọsílẹ̀ tí a ń pè ní Patent Rolls. Fún ẹni tí ń wádìí, ire ni: ilé tí kì í kú kì í da ìwé rẹ̀ nù. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ìwé kejì tí mo ní kí ẹ máa lò. Nígbà tí Merton ń di Cuxham mú, ẹni tí ó wà lókè rẹ̀ ṣì ń yí padà, nítorí pé Ọba Henry Kẹta ti fi Wallingford, tí Cuxham wà lábẹ́ rẹ̀ láti ìgbà Miles Crispin, fún àbúrò rẹ̀ Richard ní 1231, Edmund ọmọ Richard sì kú láìbímọ ní 1300, tí gbogbo rẹ̀ fi padà sọ́wọ́ ọba.

Bí ó bá jẹ́ pé ilé àwọn mọ́ńkì ni ó di mánọ̀ yín mú, ọ̀rọ̀ yóò yàtọ̀, nítorí Henry Kẹjọ tú gbogbo wọn ká láàárín 1536 àti 1540. Iṣẹ́ yá níhìn-ín: ìwé Valor Ecclesiasticus ti 1535 sọ ohun tí wọ́n ní, Patent Rolls sì sọ ẹni tí ọba tà á fún. Ẹ má ṣe dúró lórí orúkọ àkọ́kọ́, nítorí àwọn oníṣòwò ilẹ̀ a máa rà á kí wọ́n sì tún un tà láàárín oṣù díẹ̀. Lẹ́yìn 1660, tí òfin fi òpin sí dídi ilẹ̀ mú lọ́wọ́ ọba pẹ̀lú iṣẹ́ ogun, ìwé ìpíngún, ìwé ìgbéyàwó àti ìwé àdéhùn ìdílé ni ẹ óò máa kà, ohun tí ó sì wà nínú wọn kò ṣòroó yé bí ti ìṣáájú.

Fún ìwé mánọ̀ fúnra rẹ̀, èyíinì ni àkọsílẹ̀ kóòtù àti ìṣírò owó oko, Manorial Documents Register tí ó wà lábẹ́ National Archives ni kí ẹ yẹ̀ wò. Ó bẹ̀rẹ̀ nígbà tí òfin fi òpin sí bí àwọn àgbẹ̀ abẹ́ mánọ̀ ṣe ń di ilẹ̀ mú lọ́wọ́ olúwa mánọ̀ ní ọjọ́ kìíní ọdún 1926, ó sì ń sọ ibi tí ìwé kọ̀ọ̀kan wà. Ẹnikẹ́ni tí ó bá fi íméèlì ránṣẹ́ sí yín pé òun fẹ́ ta oyè olúwa mánọ̀ fún yín, ẹ fi owó yín sápò: kódà bí oyè náà bá jẹ́ ojúlówó, kò sọ ènìyàn di ìjòyè ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní kí n sọ ohun tí òun yóò kọ́kọ́ bèèrè bí òun bá dé ilé ìkàwé Merton. Mo ní kí ó bèèrè ìwé ìṣírò oko Cuxham, nítorí orí ìwé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ orúkọ ẹni tí ó ń bójú tó oko sí, àti ọdún ọba tí ìṣírò náà bẹ̀rẹ̀, láti 29 Oṣù Kẹsàn-án dé ọjọ́ kan náà ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Àwọn ọ̀mọ̀wé Merton tí wọ́n jẹ́ olúwa ilẹ̀ wà ní Oxford pẹ̀lú ìwé wọn. Ẹni tí ó mọ ìgbà tí a gbin àlìkámà àti iye àgùntàn tí ó kú ni Robert Oldman, ọmọ abẹ́ mánọ̀ náà fúnra rẹ̀, tí ó bójú tó oko wọn láti 1311 títí di 1349, ọdún tí àjàkálẹ̀ àrùn ńlá wọ abúlé náà. Mo ní kí ó kọ orúkọ rẹ̀ sórí ìwé kẹta.